Triathlon orí yìnyín: Bí ọmọ ilẹ̀ olóoru ṣe lè kọ́ eré ìdárayá ilẹ̀ òtútù

Kò sí yìnyín ní Tanke. Ọyẹ́ ni òtútù tí ará Ìlọrin mọ̀, òun náà kì í sì ju oṣù díẹ̀ lọ. Tó bá fi máa di oṣù kẹta ọdún, ooru á ti gbòde, gbogbo ilé á máa retí kí NEPA mú iná wá kí fáànù lè ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, láti ọdún 2018 ni orúkọ Nàìjíríà ti wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti kópa nínú ìdíje Olympics ìgbà òtútù, ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó gbé orúkọ náà débẹ̀.

Obìnrin mẹ́rin ló kọ́kọ́ lọ, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá lórí yìnyín. Orí pápá eré sísá àti eré fífò ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé ẹsẹ̀ tó lágbára àti èémí tó gùn ṣeé kó jọ níbi tí oòrùn ti ń ràn. Ohun tó kù, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń rìn, tó ń yà, tó sì ń dúró lórí yìnyín, ni wọ́n máa ń wá lọ sókè òkun, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń wọlé sọ́rọ̀.

Àlàyé yìí dá lé triathlon orí yìnyín, eré tó pa ẹ̀ka mẹ́ta pọ̀. Ẹ máa ka ohun tó jẹ́, ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti kọ́ eré orí yìnyín lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà, ohun tí èèyàn lè fi ṣe ìdánrawò láti Tanke, àti ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún.

Kí ni triathlon orí yìnyín?

Triathlon tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń fi eré sísá parí rẹ̀. Ọdún 2000, nílùú Sydney, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú Olympics. Ìwọ̀n ti Olympics ni ìwẹ̀ kìlómítà kan àti ààbọ̀, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40 àti eré sísá kìlómítà 10.

Ti orí yìnyín yàtọ̀. Kò sí ìwẹ̀ níbẹ̀ rárá. Eré sísá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì fi ski parí rẹ̀. Orí yìnyín ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, láìsí ìsinmi láàárín. Bí àkókò tí èèyàn fi ń pààrọ̀ bàtà ṣe ń lọ ni aago ń kà á mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí pé bí yìnyín ṣe pọ̀ tó àti bí òkè ibẹ̀ ṣe rí ni wọ́n ń wò. Àmọ́ eré sísá máa ń wà láàárín kìlómítà 5 sí 9, kẹ̀kẹ́ láàárín 10 sí 14, ski sì máa ń wà láàárín 8 sí 12. Láti ọdún 1997 ni àjọ tó ń darí triathlon lágbàáyé ti ń ṣe ìdíje àgbáyé fún un. Kò sí nínú Olympics.

Àwọn ìlú kan náà ní tiwọn. Ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, oríṣi kan wà tí wọ́n ti ń fi bàtà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sáré lórí yìnyín, tí wọ́n ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì, tí wọ́n sì ń lo ski.

Ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Eré sísá. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń rọ̀ bí òwú, ẹsẹ̀ á sì máa rì sínú rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń le, á sì máa yọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí abẹ́ ara rẹ̀, kò sì ní máa fi gìgísẹ̀ na iwájú. Bàtà oníṣóńṣó lábẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti sáré lórí yanrìn rí á mọ bó ṣe ń rí: gbogbo ìgbésẹ̀ tí èèyàn bá gbé, ilẹ̀ á gba díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ títẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sáré lórí títì ni wọ́n ń lò, bí kò ṣe ti orí òkè, tí táyà rẹ̀ fẹ̀. Wọ́n máa ń dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sórí yìnyín, nítorí pé táyà tó le gan-an á kàn máa rì, á sì máa yọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣàdédé fa bíréèkì iwájú tàbí tó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, ilẹ̀ ló ń lọ. Níbi tí yìnyín bá ti jìn jù, eléré lè bọ́ sílẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré tàbí kó gbé e. Òfin gbà á láyè.

Ski. Ibí ni iṣẹ́ wà. Ski ni pákó méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, tí wọ́n ń so mọ́ bàtà. Ọ̀pá méjì wà lọ́wọ́ eléré tó fi ń ti ara rẹ̀ síwájú. Láyé òde òní, ike àti irúfẹ́ àwọn èròjà mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, wọ́n sì máa ń fi ìda ra abẹ́ rẹ̀ kó lè máa yọ̀ geere. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń lọ ní títọ́ bí ẹni ń rìn. Ìkejì ni èyí tí eléré ń fi ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀gbẹ́, tó sì ń yọ̀ lórí èkejì, bíi ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi bàtà onítáyà sáré lójú títì. Èyí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì le jù ú lọ.

Ọwọ́, ẹ̀yìn, ikùn àti ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ski. Ìdí nìyẹn tí sáréèsáré tó mọ eré sá dáadáa fi lè kọ́kọ́ ní ìṣòro: ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣetán, àmọ́ apá rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń kọ́ èèyàn ni bó ṣe máa ṣubú láìṣèṣe àti bó ṣe máa dìde. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ọ bó ṣe ń pa imú ski méjèèjì pọ̀ níwájú, kó sì la ìdí wọn lẹ́yìn, kí eré náà lè dín kù.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti kọ́ eré orí yìnyín

Kì í ṣe triathlon orí yìnyín ni àwọn tí a fẹ́ dárúkọ yìí ṣe. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n dáhùn: báwo ni ẹni tí kì í ṣe orí yìnyín ló ti bẹ̀rẹ̀ ṣe lè kọ́ eré orí yìnyín nígbà tó ti dàgbà?

Philip Boit, Kẹ́ńyà. Eré onímítà 800 ni Boit ń sá nílé. Lọ́dún 1996 ni wọ́n mú un lọ sí Finland láti lọ kọ́ ski, ilé iṣẹ́ Nike ló sì gbé ìnáwó rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó díje nínú ski kìlómítà 10 nílùú Nagano, lórílẹ̀-èdè Japan. Òun ló ṣe ìkẹyìn. Bjørn Dæhlie ọmọ Norway, tó gba góòlù ọjọ́ náà, kò kúrò níbi òpin eré títí Boit fi dé, ó sì dì mọ́ ọn. Boit padà fi orúkọ Dæhlie sọ ọmọ rẹ̀. Ó tún díje nínú Olympics ọdún 2002 àti 2006.

Kwame Nkrumah-Acheampong, Gánà. Ìlú Milton Keynes ní England ló ti kọ́ ski, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín àtọwọ́dá, tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2010, ó ṣojú Gánà nílùú Vancouver. Òun ni ọmọ Gánà àkọ́kọ́ nínú Olympics ìgbà òtútù.

Ṣeun Adígún, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, Nàìjíríà. Ìlú Chicago ni wọ́n bí Adígún sí. Ó gba góòlù eré onímítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà nínú ìdíje Áfíríkà lọ́dún 2010 nílùú Nairobi, ó sì ṣojú Nàìjíríà ní London lọ́dún 2012. Nígbà tó yá, ó kọ́ bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń tì sáré lórí omi dídì kí wọ́n tó fò sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ Amẹ́ríkà, kó tó pinnu láti dá ikọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 2016.

Kò sí ọkọ̀, kò sí yìnyín, kò sì sí owó. Adígún fi pákó kan ọkọ̀ tó ní ẹsẹ̀ táyà níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé rẹ̀ nílùú Houston, ní Texas, tí ooru rẹ̀ kò kéré. Maeflower ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, ní ìrántí arábìnrin rẹ̀ tó ti ṣaláìsí. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fò sínú rẹ̀. Wọ́n tọrọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí ẹgbẹ̀rún 75 dọ́là tí wọ́n ń wá.

Òfin sọ pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ parí eré márùn-ún ní ojú ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó lè dé Olympics. Wọ́n ṣe é ní Park City ní Utah, ní Whistler àti ní Calgary, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Onwumere ló gbé àsíá Nàìjíríà wọlé nílùú Pyeongchang, ní South Korea. Adígún wakọ̀, Omeoga di bíréèkì mú. Ogún ọkọ̀ ló díje, tiwọn ló sì gba ipò ogún. Síbẹ̀, àwọn ni ikọ̀ bobsled àkọ́kọ́ tí Áfíríkà ní nínú Olympics.

Simidele Adéagbo, Nàìjíríà. Toronto ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló sì gbé díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Amẹ́ríkà. Eré fífò ẹlẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe ní Yunifásítì Kentucky. Ó du ipò nínú ikọ̀ Olympics Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, kò bọ́ sí i, ó sì fi pápá sílẹ̀. South Africa ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó gbọ́ nípa àwọn Adígún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló kọ́kọ́ dé orí omi dídì láti kọ́ skeleton, eré tí èèyàn ń dojú bolẹ̀ lórí pátákó kékeré, tí orí ń ṣáájú, tó sì ń sáré ju 120 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wà ní Olympics, ọmọ ọdún 36. Ipò ogún nínú ogún lòun náà gbà. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe skeleton níbẹ̀.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 2019, Tijani Cole àti Susana Cole ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé curling ti ọkùnrin àti obìnrin ní Norway, eré tí wọ́n ti ń ti òkúta lórí omi dídì, wọ́n sì na ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 2022, nílùú Beijing, Samuel Ikpefan tó dàgbà ní ilẹ̀ Faransé nìkan ló ṣojú Nàìjíríà. Ski ọ̀nà jíjìn ló ṣe, irú rẹ̀ gan-an ló sì wà nínú triathlon orí yìnyín.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn wọn

Àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n mú lọ. Ìdá àkọ́kọ́ bobsled àti skeleton jẹ́ eré sísá kúkúrú tó le, iṣẹ́ àwọn tó ń sá eré onímítà 100 nìyẹn. Ski ọ̀nà jíjìn àti triathlon ní tiwọn ń béèrè èémí gígùn, iṣẹ́ àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ yan eré, ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ìkejì, wọn kò dúró de yìnyín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ pákó Adígún kò lè kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀ omi dídì, àmọ́ ó kọ́ wọn ní títì àti fífò wọlé. Wọ́n ya ohun tí wọ́n lè kọ́ nílé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò fún. Owó tí wọ́n ní kò ṣòfò lórí ohun tí wọ́n lè fi táyà kọ́.

Ìkẹta, ipò ìkẹyìn kò dójú tì wọ́n. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn tí wọ́n bá díje ti wà lórí yìnyín láti kékeré, àwọn kan sì ti lo ọdún mẹ́wàá lórí rẹ̀.

Ìkẹrin ló yẹ kí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá gbọ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn àti Ikpefan, òkè òkun ni gbogbo wọn ń gbé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò tọrọ físà kí wọ́n tó dé ibi tí yìnyín wà, tàbí kí wọ́n tó dé ilé ẹ̀kọ́ tó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ohun èlò. Ọ̀dọ́ tó wà ní Tanke kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè yá ju tiwọn lọ, àmọ́ tí kò bá sí àjọ tó máa wá a rí, ibi tó wà náà ló máa wà.

Ohun tí èèyàn lè ṣe láti Tanke

• Sáré lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Ojú ọ̀nà oníyanrìn tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí wà lọ́pọ̀ yanturu ládùúgbò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀, ní ìgbésẹ̀ kúkúrú, ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun lágbára.

• Gun òkè. Ìlọrin ní ibi tó ga. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ gun òkè nígbà gbogbo ń kọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní irú iṣẹ́ tí ski òkè ń fún un ṣe.

• Gun kẹ̀kẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tó bá ti di aago méje, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Unilorin, kórópe àti ọ̀kadà ti gba títì Tanke kan, àgàgà ní Tipper Garage. Kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Akoto kò ṣeé yọ sílẹ̀ o, àti iná tó ń tàn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

• Kọ́ bàtà onítáyà. Títì ẹ̀gbẹ́ àti yíyọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń lò lórí rẹ̀ sún mọ́ ti ski kejì yẹn gan-an. Inú ọgbà tó ní sìmẹ́ńtì ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú títì.

• Wá ski onítáyà tó bá ṣeé ṣe. Ó wà lóòótọ́, àwọn ará Norway àti Finland gan-an ń lò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní bíréèkì, nítorí náà ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́.

• Fún apá àti ẹ̀yìn níṣẹ́. Rọ́bà tó ń fà, tí wọ́n so mọ́ igi, tí èèyàn wá ń fà sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, fara jọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ti ara wọn lórí ski.

• So eré pọ̀ mọ́ra. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sáré, kó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì tún bọ́ sórí bàtà onítáyà. Ara gbọ́dọ̀ kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ kọ́ ìyókù nílé: bí yìnyín ṣe ń yí padà láàárín wákàtí kan, bí wọ́n ṣe ń dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, bí wọ́n ṣe ń mú ìda tó bá òtútù ọjọ́ náà mu. Ìyẹn ni kí èèyàn tọ́jú owó ìrìn àjò fún.

Òtútù àti ìlera

Ara ọmọ èèyàn ń fẹ́ ooru inú tó tó bíi díígírì 37. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìdáwọ́dúró, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí wọ́n yáa gbé e kúrò nínú òtútù, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, kí wọ́n sì wá dókítà.

Aṣọ ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń fa òógùn kúrò lára, ìkejì ń pa ooru mọ́, ìkẹta ń dí afẹ́fẹ́. Aṣọ òwú kò dára fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé tó bá ti mu òógùn, á tutù mọ́ èèyàn lára. Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, etí àti imú ni òtútù kọ́kọ́ ń mú. Tí ibẹ̀ bá kú tipiri, tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, wọn kì í fi ọwọ́ ra á, wọn kì í sì í yá a níná. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, tí kò sí ewu pé òtútù á tún mú un.

Oòrùn pàápàá ń ṣeni léṣe níbẹ̀. Yìnyín máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú bíi dígí, nítorí náà ẹni tí kò bá lo awò tó ń dí oòrùn lè bá ojú dídùn sùn. Òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ èèyàn nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ omi ṣì ń jáde lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa: òtútù wà lára ohun tó lè mú kí ara ríro tó le dé bá ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ sì lè mú kí asthma dìde. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ genotype rẹ̀, kó sì rí dókítà ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Àjọ, owó àti àwọn oníjìbìtì

Ẹnikẹ́ni kò lè dá fi orúkọ ara rẹ̀ sí Olympics. Àjọ eré náà lórílẹ̀-èdè ẹni àti àjọ tó ń rí sí Olympics ní Nàìjíríà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí eléré bá ti kúnjú òṣùwọ̀n àjọ àgbáyé. Àjọ bobsled àti skeleton ti wà ní Nàìjíríà, Solomon Ogba tó ti darí àjọ eré sísá tẹ́lẹ̀ ló sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ lásìkò ọdún 2018. Àjọ curling náà wà.

Nítorí náà, ẹni tó bá pe ọ̀dọ́ lórí fóònù pé òun ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìdíje ilẹ̀ òtútù, kó wá san owó físà àti owó fọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì òun, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Àjọ wo ló rán an? Ìdíje wo ni, ṣé orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé àjọ àgbáyé? Èsì wo ni eléré náà ti ní tí wọ́n fi yàn án? Ìdíje gidi kì í yan ẹni tí kò tíì sá eré kankan. Tí ìdáhùn kò bá mọ́lẹ̀, kí owó dúró sápò.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké

Ṣé ó pọn dandan kí èèyàn mọ ìwẹ̀? Rárá. Kò sí ìwẹ̀ nínú ti orí yìnyín.

Ṣé ọyẹ́ Ìlọrin tó fi ṣe ìdánrawò òtútù? Kò tó. Ọyẹ́ kì í mú omi dì, eruku rẹ̀ sì lè da ọ̀fun láàmú. Àmọ́ àárọ̀ ọyẹ́ dára láti fi gbìyànjú aṣọ ìpele mẹ́ta kí èèyàn mọ èyí tó ń mú un laágùn jù.

Ṣé ẹni tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ ṣì lè bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ọdún 31 ni Adígún ní Pyeongchang, 36 sì ni Adéagbo. Eré tó ń fẹ́ èémí gígùn kì í tètè lé àgbà kúrò. Egungun tó ṣẹ́ ló máa ń pẹ́ kó tó jinná, nítorí náà kí àgbà má kánjú bọ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Èwo ni kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe? Eré sísá. Bàtà kan ṣoṣo àti ojú ọ̀nà oníyanrìn ló ń béèrè. Tí ẹni náà bá ti ń sá kìlómítà mẹ́wàá láìmí gúlegúle, kó fi kẹ̀kẹ́ kún un, kó tó wá bọ́ sórí bàtà onítáyà. Yìnyín ló gbẹ̀yìn nínú ìnáwó náà, nítorí òun ló wọ́n jù.